Ẹni Tí Wọn Kì Í Rán Níṣẹ́

Ní ilé wa ní Ìkirè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni orúkọ àwọn ọmọdé ti máa ń fò káàkiri àgbàlá. Ìwọ, lọ pọn omi. Ìwọ, gbá iwájú ilé. Ta ló wà níbẹ̀ yẹn, sáré lọ bá mi ra ìṣáná. Bí ọmọ kan bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, á kọ́kọ́ kùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, á wá bàtà ẹ̀ tì, wọ́n á tún pariwo mọ́ ọn, á sì lọ. Kó tó padà dé, wọ́n á ti ní iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rán an. Báyìí ló ṣe máa ń rí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wọn kì í pe tèmi.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ohun tó dùn mí jù nígbà èwe mi nìyẹn. Gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n ń rán níṣẹ́, àfi èmi. Èéyi ló ba ojú mi jẹ́ nígbà tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Mo ṣì rántí àwọ̀ pupa, mo rántí bí epo ṣe máa ń dán nínú agbada, mo sì rántí ojú màámi, ṣùgbọ́n kìkì ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ara mi yá tí mo dìde, mi ò ríran mọ́, gbogbo èèyàn sì ti yí ohùn padà fún mi. Ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ara mi le koko. "Jókòó jẹ́jẹ́, ìyá mi." "Má dìde o, ọmọ dáadáa." "Kí lo fẹ́? A ó gbé e wá fún ẹ." Kí ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kí ẹnì kan pariwo mọ́ mi ni!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ ń jowú mi. Òun ni wọ́n ń rán jù nínú ilé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan, ó sọ garawa omi kalẹ̀, ó ní, "Ayé ẹ mà dùn o! Ìwọ á kàn jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá ẹ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín." Mo fò mọ́ ọn, mo fa irun ẹ̀ títí ó fi ké. Nígbà tí àwọn àgbà dé, òun ni wọ́n bá wí. Wọ́n ní ṣé kò rí i pé mi ò ríran ni. Ẹ wo ìrẹ́jẹ! Mo ja ìjà, mo fa irun tu, wọn ò jẹ́ kí n jẹ̀bi.

Etí títì ni màámi ti ń ta dòdò Ìkirè, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, níbi tí àwọn mọ́tò ti máa ń dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà débi pé èèpo ẹ̀ ti dúdú ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa ta sánsán dé òdìkejì títì. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi báyìí, ọmọdé ni mo máa ń dà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń gbé àpótí mi ti ògiri ìsọ̀, kí n lè jìnnà sí epo gbígbóná. Ibẹ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi á gbé igbá, wọ́n á máa sá tẹ̀lé mọ́tò, "Dòdò rèé o! Dòdò gbígbóná!" Mo mọ ìró ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo mọ mọ́tò tó fẹ́ dúró, mo mọ èyí tó kàn ń tàn wọ́n jẹ. Mo mọ gbogbo ẹ̀ lórí ìjókòó, ìmọ̀ náà ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ọ̀pá, kò, kò, kò, lára kọnkéré gọ́tà. Màámi fò dìde.

"Yéè! Ẹ rọra o, gọ́tà wà níbẹ̀! Ta ló mú yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ló mú mi wá," ni obìnrin náà dáhùn. "Mo ti rí gọ́tà yín. Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ẹ bá mi di dòdò."

Wọ́n ní àwọn ti rí i, afọ́jú bíi tèmi! Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lórí àpótí. Mo na ọwọ́ síwájú láti mọ ibi tí wọ́n dúró sí, màámi sì tètè kígbe pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ta lẹ ń bá wí?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ọmọ mi ni. Bí ẹ ṣe wà yẹn lòun náà ṣe wà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó jókòó ni."

"Mo gbọ́. Kí ló ń ṣe?"

Màámi tún bẹ̀rẹ̀ sí í di dòdò tí wọ́n ti dì tẹ́lẹ̀.

Bí Àǹtí Àpòmù ṣe wọ inú ayé mi nìyẹn. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, torí Àpòmù ni wọ́n ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí ojú wọn tó lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí àǹfààní lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti kó àwọn afọ́jú jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Wọ́n máa ń sọ ìtàn wọn fún wa: obìnrin Kẹ́ńyà kan tó ń kọ́ àwọn afọ́jú ẹgbẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin oyin, ọkùnrin Nẹ̀pálì kan tó ń fi ọ̀pá gun òkè láti abúlé kan dé èkejì, tó ń wá àwọn ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú ilé kiri. Gbogbo wọn ló jọ ṣe ìpinnu pé bí kálukú bá délé, kó fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de ìjọba. Ohun tó wà lọ́wọ́ Àǹtí kò ju ilé tí bàbá wọn máa ń kó kòkó sí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ di iléèwé.

Màámi ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àpòmù kẹ̀? Kí mọ́tò lè pa á? Bàámi ló parí ọ̀rọ̀ náà. Kábúkábú ni bàámi ń wà láti Ìkirè sí Gbọ̀ngán, wọ́n sì ní ojú ọ̀nà àwọn kúkú ni Àpòmù wà, àwọn á máa já mi sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn á sì máa gbé mi nírọ̀lẹ́. Màámi sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bí ẹni pé ilé ọkọ ni mò ń lọ.

Aṣọ Sọ́ńdè mi ni mo wọ̀. Mo rò pé ìwé la fẹ́ kà. Òórùn kòkó kún inú ilé náà dẹ́nu, kò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi parí. Mi ò tíì jókòó tí Àǹtí fi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ tuntun yìí, lọ bu omi wá fún mi. Àmù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo dúró. "Èmi, mà?"

"Ṣé mo ní tuntun mìíràn ni?"

Mo táràrà títí mo fi rí àmù, mo bu omi, mo da ìdajì ẹ̀ sára aṣọ Sọ́ńdè mi. Inú mi dùn débi pé bí wọ́n ṣe mu ún tán ni mo bi wọ́n pé ṣé kí n tún bù sí i. Wọ́n ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn tó bẹ́ẹ̀.

Bí Àǹtí ṣe ń kọ́ni nìyẹn. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán èèyàn, kí wọ́n tó fi lẹ́tà kankan hàn án. Lọ ra iyọ̀. Lọ kí ìyá tó wà ní ojúlé kejì, kó o wá sọ bí wọ́n ṣe jí fún mi. Lọ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ ata. Àwọn òbí bínú. Wọ́n ní àwọn mú ọmọ wá kí ó kàwé, ẹ sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Àǹtí dá wọn lóhùn pé àwọn tí ẹ bí pẹ̀lú ojú méjèèjì ńkọ́, ṣé ẹ kì í rán wọn? Wọ́n tún ní ẹ ti sọ ọmọ yín di àlejò, àwọn sì fẹ́ dá a padà sílé ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Àǹtí ò lè rán ni Bàbá Télọ̀. Afọ́jú ni bàbá náà, wọ́n ti fi iṣẹ́ télọ̀ tọ́ ọmọ kí ojú wọn tó lọ, wọ́n sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ta ló máa rán irú wọn níṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá? Àǹtí ò jẹ́ dán an wò. Gbogbo wa ń lọ, gbogbo wa ń bọ̀, Bàbá jókòó, wọ́n ń wúkọ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Mo fẹ́ nasẹ̀ díẹ̀."

"Ó dáa, Bàbá," ni Àǹtí wí.

"Mo lè gba ọ̀nà ọjà."

"Ó dáa, Bàbá."

Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. "Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kí n... kì í ṣe pé ẹ rán mi o!"

"Ta ló jẹ́ rán yín, Bàbá? Àmọ́ tí ẹ bá ṣèèṣì rí tòmátì..."

Bí Bàbá ṣe ń ṣèèṣì rí tòmátì nìyẹn, tí wọ́n ń ṣèèṣì rí gààrí, tí wọ́n ń ṣèèṣì rí ọṣẹ, títí kò fi sí ìsọ̀ kan ní ọjà Àpòmù tí ọ̀pá wọn ò mọ̀. Títí wọ́n fi kú, ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò fẹ́ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, inú rere ni wọ́n sì fi ń bà á jẹ́. Mi ò ní tíì dé igun ilé tí ẹnì kan á fi gbá mi lápá mú. "Níbo lò ń lọ, ọmọ mi? Jókòó síbí, màá bá ẹ rà á." Àwọn mìíràn á di ọwọ́ mi mú, wọn ò ní sọ orúkọ, wọ́n á ní, "Ta ni mí? Dá ohùn mi mọ̀!" Ẹni tí mi ò pàdé rí láyé mi! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú dòní, ẹ má wulẹ̀ dán an wò lọ́dọ̀ mi.

Àǹtí wá ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n bẹ àwọn èèyàn pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ kàn máa wò wọ́n. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ní ṣé obìnrin yìí ò lójú àánú ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo jáde láti lọ ra iyọ̀, gbogbo àdúgbò sì pa lọ́lọ́. Mo rìn díẹ̀, mo gbọ́ ìró sílípáàsì kan lẹ́yìn mi. Mo dúró, ó dúró. Mo rìn, ó di méjì. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí igi ọsàn, bí ẹni pé ìjọ kan ló ń yọ́ rìn lẹ́yìn mi. Mo sín. Ẹnì kan ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹlòmíràn ní, "Ṣùù! Dákẹ́, kó má baà mọ̀ pé a wà níbí!"

Mo yíjú padà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o!"

Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má dáhùn. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìkíni tó máa panu mọ́? Gbogbo wọn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Òo! Kú ìrìn, ọmọ mi!" Ẹ̀rín ta. Ìyá alákàrà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, wọ́n jáwọ́ nínú títẹ̀lé wa, wọ́n kàn máa ń kí wa bí a bá ń kọjá, àwa náà á sì fi ohùn wọn mọ ibi tí a dé.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé tó dé. Bíréèlì ni wọ́n ń pe ìwé tí àwa afọ́jú ń fi ìka kà, àmì róbótó kéékèèké tí wọ́n gún sára pépà líle. Ìka mi kọ́kọ́ ń gbà á bí ẹni tó fọwọ́ kan iyanrìn lásán. Àǹtí kò fi ọ̀rọ̀ ìwé dà wá láàmú, orúkọ ohun tí wọ́n ń rán wa lọ rà ni wọ́n ń gún fún wa. Iyọ̀. Ata. Epo. "Epo" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìka mi kà tán láìsí ẹni tó bá mi dá sí i. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń sá kòkó ní ìta sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Áà, ìgbà yẹn! Mo ń sọ ọ́ báyìí, àárò ilé náà ló ń sọ mí. Wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ ìsọ̀ ńláńlá síbẹ̀, òórùn kòkó ti lọ. Àǹtí náà ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Fóònù tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kàwé, wọ́n á jẹ́ kó máa sáré sọ̀rọ̀ débi pé etí tèmi ò bá a mọ́. Àwọn tó bá Àǹtí kẹ́kọ̀ọ́ ní Íńdíà àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ti di ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, wọ́n sì fi èmi náà sí i. Láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, obìnrin Kẹ́ńyà yẹn á ti fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti di arúgbó, oyin ló ṣì ń sọ. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí àwọn ọmọ, ohun kan náà ni gbogbo wa ń rojọ́ ẹ̀, láti Kẹ́ńyà títí dé Nẹ̀pálì: ìyá ò fẹ́ kí ọmọ dìde lórí ìjókòó. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yẹn, màámi ni mo máa ń rántí.

Torí nígbà tí mo ti mọ ìwé kà dáadáa, Àǹtí wá sí Ìkirè, wọ́n bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀. Iléèwé girama kan wà ní Ìbàdàn tó ń gba àwọn ọmọ tí ojú wọn fọ́ mọ́ àwọn tó ríran. Inú ọgbà iléèwé ni wọ́n ń gbé. Àyè ti wà fún mi, ṣùgbọ́n bí mi ò bá wọlé ní ọdún náà, wọ́n á ní mo ti dàgbà jù. Bàámi ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n bí màámi kò bá gbà, àwọn ò ní fi tipá mú mi lọ.

Màámi kò gbà. Wọ́n ní ta ló máa bá mi fọṣọ? Ta ló máa bá mi pọn omi? "Ọmọ tí kò ra iyọ̀ wá fún mi rí ló fẹ́ dá gbé Ìbàdàn?"

Ó dùn mí dé egungun. Mo ní, "Ṣé ẹ ti rán mi rí ni?"

Bàámi ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, màámi fi owó sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ohùn wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfi bí mo ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà tí ìyá ọlọ́jà ti dúró níbẹ̀, tí ó ti di iyọ̀ sílẹ̀, tí ó tún ká a mọ́ mi lọ́wọ́. "Gbà, ọmọ mi. Màámi ẹ ti wá sọ fún mi láàárọ̀." Mo padà sílé, mo ju iyọ̀ náà sílẹ̀ níwájú wọn. Mo ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, eré ọmọdé ni. Mo ní Àǹtí tí kò bí mi ń rán mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi, ẹ ń fi mí ṣeré.

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fọ́ ẹ lójú," ni wọ́n wí. "Nígbà tí èéyi yẹn mú ẹ, wọ́n ní kí n fún omi ewé sí ẹ lójú. Mo fún un sí i. O ń ké, mo tún ń fún un sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí nǹkan bá tún ṣe ẹ lọ́wọ́ mi, mi ò ní là á já."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Inú ò bí mi sí wọn, mi ò ní parọ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ti ń dá ẹrù yẹn rù láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, tí wọ́n sì fi mí jókòó sójú kan kí wọ́n má baà tún ṣe mí léṣe. Mo fọwọ́ wá ojú wọn, mo nù ún. Àmọ́ wọn ò sọ pé kí n lọ Ìbàdàn, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe lè tún bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí iléèwé wọlé. Lọ́jọ́ kan, ìjọ ńlá kan ń bọ̀ láti ibi àpéjọ wọn, àwọn mọ́tò gàgàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú títì Ìkirè, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Háà, ọjà yá! Àwọn èèyàn rọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn yòókù ti gbé igbá, wọ́n ti sá lọ sí ẹnu fèrèsé mọ́tò. Màámi nìkan ló kù nídìí epo, wọ́n ń dín, wọ́n ń dì, wọ́n ń gbowó, gbogbo ẹnu ló ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi wà lórí àpótí mi. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di dòdò wá tán.

"Ìwọ!" ni màámi pariwo.

Mi ò dáhùn. Mi ò rò pé èmi ni.

"Ìwọ tó o jókòó bí ọba síbẹ̀ yẹn! Ṣé etí ẹ di ni? Gbéra ńlẹ̀, lọ bá mi ra náílọ́ọ̀nù wá! Sáré!"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà èwe mi ló dé yẹn o, ohun tí mo sì fi dáhùn ni pé, "Áà-áà! Ṣé èmi nìkan lọmọ tó wà níbí ni?"

"O ń fún mi lésì? Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ẹ!"

Mo já owó gbà, mo mú ọ̀pá, mo ń kùn lọ. Ìgbà tí mo kọjá ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ló tó yé mi. Wọ́n rán mi. Wọn ò pè mí ní ìyá wọn, wọn ò rọ ohùn. Wọ́n pariwo mọ́ mi, mo kùn, wọ́n tún pariwo. Ẹkún dé, ẹ̀rín dé, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́. Nígbà tí mo dé ìsọ̀, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Kí ni wọ́n ní kó o wá rà?"

Mo ya ẹnu. Gbogbo ẹ̀ ti fò lọ lórí mi. Ṣé iyọ̀ ni? Ṣé ata ni? Mo dúró níbẹ̀, imú mi ń ṣàn, mi ò rántí nǹkan kan. Mo yíjú, mo padà.

"Náílọ́ọ̀nù dà?" ni màámi bi mí.

"Mo gbàgbé."

Ìgbátí tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ tó kún fún epo ni. Mi ò jẹ irú ẹ̀ rí. Oyì kọ́ mi, etí mi ń hó yee.

Obìnrin oníbàárà kan lọgun. "Háà, Ìyá! Ẹ̀yin náà! Afọ́jú lẹ gbá létí báyìí?"

"Afọ́jú wo?" ni màámi wí.

Wọ́n ń béèrè ni o. Mo gbọ́ bí aṣọ wọn ṣe gbọn bí wọ́n ṣe yí sọ́tùn-ún, tí wọ́n yí sósì, tí wọ́n ń wá afọ́jú tí obìnrin náà ń wí. Wọ́n wá dúró. Epo nìkan ló ń hó. Mo gbọ́ tí màámi mí kanlẹ̀, mo rò pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́ ìyá mi, kí n padà lọ jókòó. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo di ọ̀pá mi mú gírígírí.

"Náílọ́ọ̀nù ni mo ní kó o rà!" Ohùn wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n pariwo ẹ̀ kí gbogbo èrò mọ́tò lè gbọ́. "Náílọ́ọ̀nù! Ẹni tó ń lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè rántí náílọ́ọ̀nù! Wá lọ, kó o tètè bọ̀, àwọn èèyàn ń dúró!"

Mo tún gba ojú ọ̀nà lọ, mo ń kà á sẹ́nu kí n má baà tún gbàgbé: náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù.